Ẹ̀yìn Tó Kan Ilẹ̀

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Gbọnin ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti dínkù? Àwa wà níbí. Àgbàdo tí mo gbìn sí ẹ̀gbẹ́ odò ti hù. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ṣì ń dùn mí bí mo bá fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn mí, ìyẹn ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí bó ṣe máa ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má ṣe bá mi tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Tíṣà mú ìwé ìròyìn kan wá bá mi lánàá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ wo ọmọ yín!" Mo wò ó. Ọmọbìnrin mi ni lóòótọ́. Mo dá etí òsì rẹ mọ̀, èyí tó wú tó sì ká jọ. Ṣùgbọ́n ibo ni ọmọ mi wà? Ilẹ̀ ló wà. Ó nà gbalaja. Obìnrin kan tó wọ pupa dùbúlẹ̀ lé e láyà, ejìká ọmọ mi méjèèjì sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi ìṣó kàn án.

Tíṣà ní wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé o gba ipò kẹta. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Aránṣọ náà kà á. Mo bi àwọn méjèèjì pé ẹni mélòó ló wà nínú àwòrán yìí? Wọ́n ní méjì. Mo ní, ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, ta wá ni ìkẹta? Tíṣà ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Jẹ́ kí n rán ọ létí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí o ń lọ, àwa méjèèjì dúró lẹ́yìn abà, lórí iyanrìn tí mo ti kọ́ ọ ní ìjàkadì láti ìgbà tí orí rẹ kò tíì kọjá ìbàdí mi. O bu iyanrìn sọ́wọ́, o ní, "Bàbá mi, ọjọ́ tí ẹ̀yìn mi bá kan ilẹ̀, mo ń bọ̀ wálé." Èmi ni mo ní kí o sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ló ti jáde.

Ẹ̀yìn rẹ ti kan ilẹ̀. Gbogbo ayé ti rí i. Máa bọ̀ wálé. Mo ti gbá yàrá rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ

Aránṣọ ní kí n sọ pé òun náà kí ọ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ìtọ́jú ara. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹsẹ̀ yẹn gun àkàbà. Ẹ bá mi kí Aránṣọ, wọ́n kú wàhálà wa.

Yàrá mi ṣì wà lókè ilé ìfọṣọ. Ẹ̀rọ wọn ló ń jí mi láràárọ̀, ilẹ̀ yàrá a máa gbọ̀n títí dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Láàárọ̀ mo ń to búrẹ́dì sínú páálí ní ilé búrẹ́dì, láti ọ̀sán lọ mo wà ní gbọ̀ngán ìjàkadì. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń jà kiri, orílẹ̀-èdè méje ni mo sì ti jà. Ẹ mọ̀ pé bí mo bá tilẹ̀ pàdánù, máàkì ni wọ́n fi ń jù mí lọ. Ẹ̀yìn mi kò kan ilẹ̀ níbi ìdíje rí kó tó di èyí.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni àwòrán náà. Mo ṣubú. N kò ní purọ́ fún yín. Òótọ́ sì tún ni ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Àwa mẹ́rìndínlógún la wà. Ní ìjà àkọ́kọ́, ẹni tó wọ pupa yẹn gbá mi lẹ́sẹ̀ mú, ó yí mi po, ó sì tẹ ejìká mi mọ́lẹ̀. Rẹfirí fi ọwọ́ lu ẹní ìjà, ó parí. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Mo bọ́ bàtà mi, mo kó o sínú àpò, mo ń ro ohun tí mo máa sọ fún yín. Olùkọ́ mi ní, "Ibo lò ń lọ? Jókòó." Mo ní mo ti ṣubú. Ó ní, "Mo rí i. Jókòó."

Òfin wọn níbí ni pé bí ẹni tó gbé ọ lulẹ̀ bá borí títí tó fi dé ìjà àṣekágbá, wọ́n á pè ọ́ padà. Wọ́n gbà pé kì í ṣe pé o kò lágbára, ẹni tó le jù lo kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́. Wọ́n á ní kí o bá àwọn mìíràn tí ẹni náà ti gbé lulẹ̀ jà, ẹni tó bá sì yege láàárín wọn á gba idẹ, ìyẹn mẹ́dàlì ipò kẹta. Báyìí ni mo ṣe jókòó sórí àga, tí mo ń wo obìnrin yẹn. Bàbá mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún un. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ó borí. Ó tún borí. Wọ́n sì pè mí padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n tún wọ̀n mí lórí òṣùwọ̀n, mo ja ìjà méjì, mo borí méjèèjì, wọ́n sì fi mẹ́dàlì idẹ kọ́ mi lọ́rùn.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé gígùn nìyí. Ìdíje kan ń bọ̀ nínú oṣù keje. Ẹni tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀ á lọ sí èyí tó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ wa. Bí ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹfà bá ti kọjá, wọn ò ní gba orúkọ mọ́. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, n kò tíì fọwọ́ sí i, nítorí mo bu iyanrìn, mo sì sọ̀rọ̀ lójú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú mi sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí ẹ tẹ ìka sí i. Bí ẹ bá kọ̀, màá padà wálé, n kò sì ní jà mọ́.

Ọmọ yín,
Gbọnin


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Gbọnin,

Mo kí ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Aránṣọ ti ka lẹ́tà rẹ sí mi létí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni kò yé mi.

Aránṣọ ní òun á fi hàn mí kí n fojú rí i. Ó kó bọ́tìnnì mẹ́rìndínlógún sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó tò wọ́n ní méjì méjì. Ó fi ìwọ ṣe búlúù kékeré kan, ó fi obìnrin yẹn ṣe pupa. Pupa bá búlúù jà, búlúù ṣubú, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní ó dáa, ó yé mi. Ó ku mẹ́jọ. Ó ku mẹ́rin. Ó ku méjì. Gbogbo rẹ̀ ń yé mi geere. Àfi bó ṣe tún na ọwọ́ sí búlúù, tó gbé e padà sórí tábìlì.

Mo ní, "Kí nìyẹn?"

Ó ní, "Wọ́n pè é padà ni, Bàbá."

Mo ní, "Ta ló pè é?"

Ó ní, "Òfin ni."

Mo mú bọ́tìnnì náà, mo jù ú gba ojú fèrèsé. Ó ti ṣubú! Kí ló tún ń ṣe lórí tábìlì? Aránṣọ figbe ta, ó ní bọ́tìnnì kóòtù oníbàárà òun ni. Àwa méjèèjì wá a nínú koríko títí oòrùn fi kàn wá lórí. A kò rí i.

Mo fẹ́ kí o dá mi lóhùn. Ṣé lóòótọ́ lo jókòó, tí ò ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀? Nígbà tó gbójú sókè tó rí ọ, kí ló rò? Kí ló sì dé tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́ bí àpò àgbàdo? Ta ni wọ́n fẹ́ tà ọ́ fún?

Èmi náà jà, o mọ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì rèé. A ti kórè tán, gbogbo ọ̀dọ́ àdúgbò péjọ sórí iyanrìn yẹn lẹ́yìn abà bàbá mi. Èmi ni gbogbo wọn ń wò, torí mi ò tíì ṣubú rí. Èmi àti Alágbẹ̀dẹ ìsàlẹ̀ títì ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó gbé mi. Ẹ̀yìn mi kan ilẹ̀. Mo dìde, mo gbọn iyanrìn kúrò lára ṣòkòtò, mo wọlé lọ, mi ò sì jà mọ́ títí dòní. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ náà. Bí ọkọ́ mi bá kújú, mo máa ń rin ìrìn wákàtí méjì lọ bá alágbẹ̀dẹ mìíràn. Báyẹn ni èèyàn ṣe ń ṣubú. Ẹ̀ẹ̀kan ni.

Dá mẹ́dàlì wọn padà fún wọn. Mi ò tẹ ìka sí nǹkan kan.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrìn wákàtí méjì yẹn o. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi dàgbà, èmi rò pé alágbẹ̀dẹ ìsàlẹ̀ títì kò mọ iṣẹ́ ni.

Ẹ dárí jì mí, inú bí mi sí lẹ́tà yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ èsì tí mo fà á ya. Wọn kò tà mí fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń wọ̀n wá kí ẹni ńlá má baà lọ gbé ẹni kékeré sọnù ni. Obìnrin tó wọ pupa sì gbójú sókè lóòótọ́. Ó rí mi, ó juwọ́ sí mi. Nígbà tó sinmi, ó wá jókòó tì mí, ó fún mi ní ìdajì ọsàn rẹ̀. A kò gbọ́ èdè ara wa. A kàn ń jẹ ọsàn.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ibí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi ni bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Olùkọ́ mi ní ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣubú, ọrùn rẹ̀ á ṣẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, mo ka iye ìgbà tí ẹ̀yìn mi kan ilẹ̀: ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí iyanrìn bá rí bí ẹ ṣe rò ó, ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí n ti di ẹrù mi. N kò sọ fún yín. Mo ń sọ fún ara mi pé ìṣubú ibi ẹ̀kọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí mo sọ.

Ní báyìí gbogbo rẹ̀ ti dàrú mọ́ mi lójú. Bí ẹnì kan bá fà mí lórí ẹní ìjà, n kò mọ̀ bóyá kí n ṣubú bí olùkọ́ mi ṣe kọ́ mi, tàbí kí n dúró bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ara mi á wá há sáàárín méjèèjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Olùkọ́ mi ní, "Kí ló ń ṣe ọ́?" Mo ní mò ń retí lẹ́tà bàbá mi. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹfà kò yẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan péré ni mo ní: lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn tí ẹ wọlé, ta ló borí nígbẹ̀yìn?

Ọmọ yín,
Gbọnin


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà

Gbọnin,

Ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n? Lọ́jọ́ kan ṣoṣo?

Mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn láti ọdún mẹ́ta pé ọmọ mi kì í ṣubú. Ìyẹn ni mo ṣe ń pè ọ́ ní Gbọnin, ẹni tó dúró gbọningbọnin. Kí ni kí n máa pè ọ́ báyìí?

Má ṣe bi mí léèrè ọjọ́ yẹn mọ́. Mo ti wọlé, mo ti ti ilẹ̀kùn, báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó borí? Má jà. Má sì wálé. Mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Bàbá rẹ

Èmi Aránṣọ ni mo fi èyí kún un, wọn ò mọ̀. Bàbá ń bínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà rẹ wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà

Gbọnin ọmọ mi,

Má retí ìkíni gígùn. Mọ́tò tó ń kó lẹ́tà á kọjá lọ́sàn-án yìí, Aránṣọ sì ti ní ọwọ́ ń ro òun.

Ìbéèrè rẹ kò jẹ́ kí n gbádùn. Ọdún mọ́kànlélógójì, mi ò bi ẹnikẹ́ni rí. Lánàá mo gbé ọkọ́ mi, mo gba ìsàlẹ̀ títì lọ. Aránṣọ tẹ̀ lé mi, ó ní òun fẹ́ lọ ra abẹ́rẹ́. Irọ́ ni. Alágbẹ̀dẹ kì í ta abẹ́rẹ́.

Ó jókòó sórí àpótí níwájú iná. Ó ti darúgbó! Mo rò pé èmi nìkan ni. Ó wò mí, ó wo ọkọ́, ó ní, "Ọkọ́ yìí ti kújú."

Mo ní, "Mi ò wá torí ọkọ́. Lọ́jọ́ tí o gbé mi, ta lo tún gbé?"

Kò tilẹ̀ béèrè pé ọjọ́ wo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á. Ó gbé káfíńtà. Ó gbé awakọ̀. Ó gbé ẹni tó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ òun tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní, "Gbogbo wọn. Mo gbé wọn tán."

Aránṣọ pàtẹ́wọ́, ó fò sókè. "Bàbá! Ó dé ìjà àṣekágbá! Ó yẹ kí wọ́n pè yín padà!"

Alágbẹ̀dẹ ní, "Kí wọ́n pè é padà? A pè é o. Àwọn èèyàn ní ìjà tiwa yá jù, pé kò tẹ́ àwọn lọ́rùn, kí n lọ mú un wá ká tún un jà. Èmi fúnra mi ni mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo kàn án títí, kò dáhùn."

Òótọ́ ló sọ. Mo gbọ́ ọ, Gbọnin. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé wọ́n wá fi mí rẹ́rìn-ín ni. Mo fi aṣọ bo orí títí ó fi lọ. Mi ò sọ fún ìyá rẹ rí títí ó fi kú.

Òfin yín kò yé mi síbẹ̀. Mi ò mọ bí ẹni tó ṣubú ṣe ń gba ipò kẹta, má sì ṣe tún un ṣàlàyé fún mi, orí mi ń fọ́. Ṣùgbọ́n èyí yé mi: wọ́n pè ọ́, wọ́n bá ọ níbẹ̀. Wọ́n pè mí, mo wà lábẹ́ aṣọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo fi sí ọ lẹ́nu lórí iyanrìn, mo ti gbà á padà. Fọwọ́ sí ìwé. Bí o bá ṣubú, jókòó. Má tètè máa bọ́ bàtà. Ìka mi nìyí nísàlẹ̀ lẹ́tà. Èédú Alágbẹ̀dẹ ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ó ní inki Aránṣọ kò dúdú tó.

Ó bá mi pọ́n ọkọ́ náà. Ó ní, "Ṣé ká parí ìjà wa ni?" Mo ní kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi san. Ó ní òun ti ń dúró tipẹ́, òun ṣì lè dúró.

Mo rí bọ́tìnnì náà nígbà tí mò ń ro koríko abẹ́ fèrèsé Aránṣọ láàárọ̀ yìí. Ọkọ́ tó mú dáadáa dùn lọ́wọ́. Aránṣọ ti fi òmíràn sí kóòtù oníbàárà rẹ̀, ó ní kí n fi í ránṣẹ́ sí ọ. Ó wà nínú àpò ìwé yìí.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Lẹ́tà tí ẹ kọ lọ́jọ́ karùn-ún dé lónìí. Ẹ ní kí n má jà. Ẹ ní kí n má wálé. Ibo wá ni kí n wà?

Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí kò ní tètè bá yín, torí ọ̀sẹ̀ méjì ló ń gbà kó tó dé. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí mo ṣe ni. Mo ti sọ fún wọn nílé búrẹ́dì pé kí wọ́n máa wá ẹlòmíràn. Mo ti kó bàtà ìjà mi fún obìnrin tó ń gbé yàrá kejì, ẹsẹ̀ wa bára mu. Ìwé tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí wà lórí fèrèsé, gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá ń ṣiṣẹ́ ló ń gbọ̀n. Bí ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù bá kọjá tí n kò rí ìka yín, màá dá a padà láìfọwọ́ sí i, màá sì máa bọ̀.

Mo rántí pé ẹ ti gbá yàrá mi. Ẹ ṣeun.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù keje

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé. Ẹ kú ẹsẹ̀. Ẹ bá mi kí Aránṣọ, ẹ bá mi kí Alágbẹ̀dẹ. Ẹ má wo bí ọwọ́ ìwé mi ṣe rí, orúnkún mi ni mo fi ṣe tábìlì, ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà mi sí ni mo sì ń kọ ọ́ sí.

Ìka yín dé ní ọjọ́ tó kẹ́yìn gan-an. Mo ti di ẹrù. Onílé ìfọṣọ ló gbé e gòkè wá fún mi, ó ní nǹkan kan ń mì nínú rẹ̀. Bọ́tìnnì ni. Mo jókòó sórí àpótí mi, mo kà á, mo sì rí ìka yín tó dúdú bíi kòkò. Mo sáré lọ fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú bàtà ilé lẹ́sẹ̀. Obìnrin yàrá kejì bú mi dáadáa kó tó dá bàtà ìjà mi padà, ó ní ó ti bá òun lẹ́sẹ̀ mu.

Ìdíje náà bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Bàbá mi, mo ṣubú. Ní ìjà àkọ́kọ́ ni. Obìnrin gíga kan ló gbé mi. Olùkọ́ mi ju tìmùtìmù kékeré sáàárín ẹní ìjà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣàròyé níbí. Àwọn onídàájọ́ tún un wò nínú ẹ̀rọ, wọ́n ní ẹ̀yìn mi kan ilẹ̀ dáadáa. Ó kàn án lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ara mi kò há sáàárín ohunkóhun. Mo ṣubú bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣubú, kò sí ibì kan tó ń dùn mí.

Mo jókòó báyìí. N kò bọ́ bàtà mi. Obìnrin gíga yẹn ti borí lẹ́ẹ̀kan, ó tún ti ń gun orí ẹní lọ. Bó bá borí èyí, ó dé ìjà àṣekágbá nìyẹn, wọ́n á pè mí. Bí kò bá borí, wọn ò ní pè mí. N kò mọ èyí tó máa jẹ́. Bọ́tìnnì yín wà nínú ìbọ̀sẹ̀ mi.

Wọ́n ti fọn fèrè. Màá gbé bíròó yìí sílẹ̀ ná, Bàbá mi, kí ọwọ́ mi méjèèjì lè ráyè pàtẹ́wọ́ fún un.